Bí mo ṣe pààrọ̀ ààbọ̀ omi púùlù, tí mo tún fi ahun bà á jẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló nilé tí mò ń gbé ní Ṣàngótẹ̀dó, èmi ni mò ń bá wọn mójú tó o, títí kan púùlù ẹ̀yìnkùlé. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń da kúlórìn sí i, tó bá dọ̀la omi á tún ti ṣàwọ̀ ewé, ògiri ẹ̀ á máa yọ̀. Mo rò pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi ni. Àṣé wóró kúlórìn tí mò ń sọ sí i látèṣí ló fà á. Ó ní cyanuric acid nínú, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn tètè jẹ kúlórìn, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá fa omi lọ kì í fa òun lọ, ńṣe lá máa pọ̀ sí i títí kúlórìn ò fi ní lágbára mọ́. Mílígíráàmù 30 sí 50 nínú lítà omi kan ló yẹ kó wà, tiwa ti lé ní 100. Àfi ká da omi nù, ká rọ òmíràn.

Bàbá pọ́ńbà ní ká fà á gbẹ. Mo ní rárá o! Ẹni tó bá ti gbẹ́lẹ̀ ládùúgbò yìí mọ̀ pé kò jìn tẹ́ ẹ máa fi kan omi, omi inú púùlù ló ń tẹ kọnkéré ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fà á gbẹ tán kẹ́ ẹ wo bómi abẹ́ ilẹ̀ á ṣe ti kọnkéré yẹn sókè. Oṣù kejì la wà, ilẹ̀ ṣì gbẹ, síbẹ̀ ààbọ̀ ni mo fara mọ́. 48,000 lítà ló ń gbà, 24,000 la máa dà nù. Mo lẹ tépù mọ́ ògiri, mo ní "Bàbá, tó bá ti débí kẹ́ ẹ pa á o." A ti kọ́kọ́ pa pọ́ǹpù fílítà, torí tómi bá sọ̀ kalẹ̀ afẹ́fẹ́ lá máa fà, á sì jó. Sumo, ìyẹn pọ́ǹpù tí wọ́n ń rì sínú omi, gbé omi lọ sí gọ́tà fún bíi wákàtí 6, màmá òdìkejì jáde, wọ́n ní táńkì ta ló bẹ́?

Táńkà kan gbé 10,000 lítà wá. Owó ìkejì wá ń dùn mí, mo ní bóòhóòlù wa dà, ṣebí omi lomi. Mo tan jẹnẹrétọ̀, 14,000 tó kù jáde látibẹ̀, ó mọ́ lójú mi gan-an. Alẹ́ ni mo da kúlórìn sí i. Ilẹ̀ mọ́, omi ti di tíì Lipton tí ò ní mílíìkì. Irin ló wà nínú omi bóòhóòlù wa (ẹ bi ẹni tó ń fi fọ aṣọ funfun), bí kúlórìn ṣe kàn án ló dípẹtà.

Álọ́ọ̀mù la dà sí i, a fi í sílẹ̀ mọ́jú kó lè rọ̀ sísàlẹ̀, la bá fi páìpù fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ dà sí gọ́tà, kí n tó mọ̀ omi rere náà ti bá a lọ. Mo pe onítáńkà padà. Ó ní "Ọ̀gá, ó ti gbówó lórí o."