Git bisect, Jia Tan, àti irú fíìmù amí tó wù mí

Git bisect ló gba gbogbo ọ̀sán mi lónìí. Git ni irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí à ń ṣe sí kóòdù, bisect sì ni àṣẹ inú ẹ̀ tó ń wá èyí tó ba nǹkan jẹ́. Ojú ewé kan nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe ti ń fà ṣáá, kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú ń sọ pé kì í ṣe òun. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wàá sọ fún git pé nígbà báyìí kóòdù yìí ṣì dáa, òní ló bàjẹ́, á lọ sí àárín, á gbé èyí tó wà níbẹ̀ síwájú ẹ, wàá tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, wàá sọ bóyá ó dáa àbí kò dáa, á tún pín èyí tó kù sí méjì. Tí àyípadà tó wà láàárín bá tó 1,000, bí ìgbà 10 péré lo máa tẹ́ẹ̀sì kó tó bá ẹ mú èyí tó fa wàhálà. Kì í bi ẹ́ pé ta lò ń fura sí, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Tòní, ìlà kan péré ni, ẹnì kan ló gbé query (ìbéèrè sí ibi tí dátà wà) sínú loop (ibi tí kóòdù ti ń ṣe nǹkan kan náà léraléra) nígbà tí dátà ò tíì pọ̀, kò hàn nígbà yẹn.

Oṣù kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) sílẹ̀, kọ Git, nígbà tí wọ́n gba BitKeeper, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí àwọn oní-Linux ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn. Nǹkan tí mo gba tiẹ̀ fún jù ni pé commit kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àyípadà tí a fi pamọ́ sínú ẹ̀, ń gba orúkọ látinú ohun tó wà nínú ẹ̀ àti látinú orúkọ èyí tó ṣáájú ẹ̀, torí náà tẹ́nì kan bá yọ́ lọ yí nǹkan àtijọ́ padà, gbogbo orúkọ tó tẹ̀ lé e ló máa yí, ẹni tó bá ní ẹ̀dà tiẹ̀ lọ́wọ́ á rí i pé ọ̀rọ̀ ò bára mu mọ́. Ó mọ ẹni tó ṣe é, ó mọ ọjọ́ tó ṣe é, á sì sọ ìdí tó fi ṣe é tẹ́ni náà bá kọ message gidi, ìyẹn àlàyé tó máa ń bá commit lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé kọ "fix" lásán, ẹlòmíì máa kà á lọ́jọ́ kan tí wàhálà bá dé.

Ní ti editor, ìyẹn ibi tí a ti ń kọ kóòdù, Vim ni mò ń lò, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. VS Code, editor míì, dáa, tí àbúrò kan bá ní kí n júwe ibi tóun máa ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kó lọ. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ tó jẹ́ pé bátìrì ni mo gbójú lé, tí mo sì wà lórí server (kọ̀ǹpútà tí a ń lò láti òkèèrè) tó wà lókè òkun pẹ̀lú nẹ́tíwọ̀kì tó ń wá tó ń lọ, Vim ni kì í dà mí. Bram Moolenaar gbé e jáde ní 1991, ó ń tún un ṣe títí tó fi kú ní 2023. Tẹ́ ẹ bá ṣí i láìsí fáìlì kankan, ẹ máa rí i tó ń bẹ̀bẹ̀ pé ká ran àwọn ọmọ aláìní ní Uganda lọ́wọ́. Ọkùnrin yẹn ò gbowó lọ́wọ́ wa, nǹkan tó tọrọ nìyẹn, orí mi máa ń wú tí mo bá rí ìlà yẹn.

Àwọn AI tó ń báni kọ kóòdù ńkọ́? Mò ń lò wọ́n, wọ́n yára. Àmọ́ kíkọ kọ́ ló ń gba àkókò mi, kíkà ni. Èyí tí mi ò bá kà, mi ò ní merge ẹ̀ (dà á pọ̀ mọ́ kóòdù wa), ó tán.

Bóyá torí ẹ̀ náà ni kì í fi í ṣe fíìmù amí tí wọ́n ti ń fi mọ́tò lé ara wọn ló wù mí. Nínú Skyfall (2012), Q, ọ̀gá kọ̀ǹpútà MI6 (ilé iṣẹ́ amí ìlú Òyìnbó), ló gbé laptop ọ̀tá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tó kì í bọ nẹ́tíwọ̀kì ilé iṣẹ́ wọn, làwọn ilẹ̀kùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fúnra wọn. Inú máa ń bí mi síbẹ̀ yẹn gan-an, torí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ò ní ṣe é.

Tinker Tailor Soldier Spy tó jáde ní 2011 lèmi fẹ́ràn. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá amí ìlú Òyìnbó ń ṣiṣẹ́ fún Moscow, ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣenini ń gbé, Smiley tí Gary Oldman ṣe wá jókòó, ó ń ka fáìlì, ó ń lọ bá àwọn tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rán ọmọ ẹ̀ kan lọ jí ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóru sí, ìgbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ti gé ojú ewé alẹ́ tí wọ́n ń wá kúrò. Mo pariwo nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i! Torí ojú ewé tí wọ́n gé yẹn ti fi hàn pé ẹni tí wọ́n ń wá wà nínú ilé lóòótọ́. The Conversation náà wà ńbẹ̀, 1974, Gene Hackman ń dá téèpù ohùn padà sẹ́yìn léraléra, ó ń yọ ariwo kúrò díẹ̀díẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí ọkùnrin àti obìnrin kan ń sọ láàárín èrò. Ẹni tó bá ti ka log (àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe) rí mọ irú ìjókòó yẹn.

Ṣùgbọ́n ìtàn amí tó ga jù lójú mi ò sí nínú fíìmù, tàwa oníkóòdù ni. xz ni wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, ó wà lórí ẹ̀rọ Linux tó pọ̀ rẹpẹtẹ, Lasse Collin, ọmọ Finland, ló sì ń dá a tọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2021 ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́, àtúnṣe tó wúlò o. Àwọn orúkọ míì náà ń yọjú, wọ́n ń fúngun mọ́ Collin pé ó ń lọ́ra jù, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti sọ fún wọn pé ọkàn òun ò balẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ó wá fún Jia Tan láyè. Nígbà tó di oṣù kejì 2024, ẹ̀dà 5.6.0 jáde pẹ̀lú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú ẹ̀, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lè gba ti ssh, ọ̀nà tí a fi ń wọ server láti òkèèrè, wọ server onísérver. Wọ́n fi èyí tó pọ̀ jù pamọ́ sínú àwọn fáìlì tẹ́ẹ̀sì tí ojú ò lè kà, ìlà tó ń jí i dìde ò tiẹ̀ sí nínú Git, inú tarball (àpò fáìlì) tí wọ́n gbé síta nìkan ló wà, bisect mi yìí ò bá má rí i rárá.

Andres Freund tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà, ló rí i. Ó ń wọn ìyára nǹkan míì ni, ó wá ṣàkíyèsí pé ssh ń jẹ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) jù, pé wíwọlé ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ó tún rántí pé valgrind, irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe nínú ètò, ti ń ké sí òun nípa nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Kò fojú fò ó dá, ó tọ ọ̀rọ̀ náà títí dé ìdí, ó sì kéde ẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2024, kí ẹ̀dà yẹn tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Collin ni mò ń rò jù. Wọ́n rí ẹni tó ti rẹ̀, wọ́n gba ibẹ̀ wọlé. Mo ti ṣí package.json wa, fáìlì tó to orúkọ àwọn kóòdù ẹlòmíì tí à ń lò, sílẹ̀, lọ́la mo máa wo ẹni tó ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àwọn tó ń dá a ṣe ni mo máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí n bi wọ́n bóyá nǹkan wà tí mo lè bá wọn gbé.