Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Tó Di Òjò

Ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ni mò ń wá lọ́jọ́ náà. Ìlù tó kù nínú orin tó wà lọ́wọ́ mi ti pé, mo sì ti pinnu pé Korg MS-20, síntẹ́sáísà kan tó ń fi iná mànàmáná dá ìró sílẹ̀, ni n óò fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. Ariwo ṣáá tí rédíò máa ń pa nígbà tí kò bá rí ilé-iṣẹ́ kankan gbé, èyí tí ìró òkè àti ìró ìsàlẹ̀ gbogbo pọ̀ sínú rẹ̀, ni ènìyàn yóò gba inú fíltà kọjá: high-pass yóò gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dànù, low-pass yóò dín òkè rẹ̀ kù, envelope, tó ń darí bí ìró ṣe ń dìde àti bó ṣe ń rọlẹ̀, yóò sì tètè pa á lẹ́nu mọ́. Irú ọgbọ́n yìí náà ni Roland lò fún ìró maracas inú TR-808, ẹ̀rọ ìlù tí wọ́n gbé jáde ní 1980, maracas ọ̀hún kò sì jìnnà sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa létí.

Ṣùgbọ́n bí ìró bá kúrú jù, etí kì í ráyè mọ ohun tí fíltà ń gé. Nítorí náà, n óò kọ́kọ́ jẹ́ kí ariwo náà máa lọ láìdúró, kí n máa yí cutoff, ibi tí fíltà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìró, díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dùn, kí n tó wá gé e kúrú. Màmá mi, tí wọ́n wá kí wa láti Ṣakí, kò mọ èyí. Wọ́n ti sá iṣu èlùbọ́ sórí tapólìn ní àgbàlá, lábẹ́ fèrèsé tí sípíkà mi kọjú sí gan-an.

Mo yí high-pass wálẹ̀ pátápátá, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí low-pass láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjò ṣe máa ń bọ̀ lórí páànù àwọn ará àdúgbò: afẹ́fẹ́ a máa jẹ ìró òkè rẹ̀ nígbà tó ṣì jìnnà, a ó kàn máa gbọ́ hùùù, bó bá sì ti ń súnmọ́ ni ìró òkè náà yóò máa yọjú.

"Òjò o! Ẹ bá mi kó èlùbọ́ o!"

Kí n tó sáré jáde, Màmá ti wọ́ tapólìn dé ẹnu ọ̀nà, ìdajì iṣu ti fọ́n sílẹ̀, àwọn adìyẹ ti dé ìdí rẹ̀, oòrùn sì ń ran ganrínganrín lórí gbogbo wa. Wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n wò mí, wọ́n sì tẹ̀ lé mi wọlé láìsọ̀rọ̀.

Mo tún un yí kí wọ́n gbọ́. "Òjò nìyí," ni wọ́n wí. "Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dà níbẹ̀?"

Mo gé e kúrú, mo gbé high-pass sókè. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni àwọn ń gbọ́, àwọn kò gbọ́ igbá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni, ó kàn dùn mí pé ẹni tí kò fọwọ́ kan síntẹ́sáísà rí ló sọ ọ́. Mo dá high-pass padà díẹ̀, mo wá gbé bọ́tìnnì tí wọ́n kọ peak sí sókè, kí ìró kan lè yọ láàárín ariwo náà gẹ́gẹ́ bí ihò inú igbá ti máa ń ṣe. Igbá náà yọ lóòótọ́. Ìgbà tí mo gbé e kọjá ibẹ̀ ni fíltà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, tí Màmá fi ọwọ́ di etí.

"Kúrò níbẹ̀, jẹ́ kí n yí i."

Ọwọ́ Màmá kò dúró lórí bọ́tìnnì kan. Wọ́n yí èyí, wọ́n yí tọ̀hún, títí wọ́n fi fa ìró náà gùn padà tí òjò sì tún ṣú sínú yàrá. Ní ilé kejì, a gbọ́ tí obìnrin kan ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n yára kó aṣọ lórí okùn. Mo dìde láti lọ sọ fún un.

"Jókòó," ni Màmá wí, wọ́n sì ṣí low-pass sí i. "Ṣebí ó gbọ́ nígbà tí mò ń pariwo èlùbọ́, ṣé ó wá bá mi kó o ni?"