KEF LS50 tàbí Harbeth P3ESR fún yàrá kékeré

Ẹni tó bá fẹ́ ra sípíkà olówó gọbọi sí yàrá tí kò tóbi, yàrá náà ni kó kọ́kọ́ wò dáadáa. KEF LS50, tó jáde ní ọdún 2012, ní ihò afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, nítorí náà bí a bá gbé e sún mọ́ ògiri jù, ohùn ìsàlẹ̀ á wú, á sì bo akọrin mọ́lẹ̀. Harbeth P3ESR kò níhò kankan lára, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ ògiri.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára KEF ni pé ẹnu kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde wà láàárín gbùngbùn ẹnu ńlá, tí gbogbo ohùn fi ń gba ojú kan ṣoṣo jáde. Mo fi àwo jùjú àtijọ́ kan dán an wò, ibi tí onígángan dúró sí láàárín ẹgbẹ́ sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n Harbeth, tó jẹ́ ìran sípíkà LS3/5A tí BBC ṣe, ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìlù náà ń sọ: nígbà tí onílù fún ọsán, tí ohùn ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Méjèèjì ló nílò amplifier tó lágbára.

Harbeth ni mo mú, nítorí ohùn ènìyàn àti ìlù ni mo ń gbọ́ jù. Orí ìdúró irin ni mo gbé e lé, kí ẹnu kékeré rẹ̀ lè bá etí mi dọ́gba.