Gbogbo Wa Ń Wo Ìbàdí, Ẹsẹ̀ Ló Ń Wú

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìbàdí mi apá òsì fi dá mi lóró kí n tó gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ohun dídán tó bo orí egungun itan ti jẹ tán, egungun wá ń ha egungun. Wọ́n gé orí egungun náà kúrò, wọ́n fi onírin rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì fi ike tẹ́ inú ihò tó ń yí sí. Irú èyí tí dókítà oníṣẹ́ abẹ John Charnley ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1962 náà ni, iṣẹ́ náà sì ti mọ́ àwọn dókítà lára. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ti gbé mi dìde, mo di wọ́kà mú, mo gbẹ́sẹ̀. Ìrora tí kì í jẹ́ kí n sùn lóru ti lọ. Ẹni tó bá bi mí bóyá kí òun ṣe é, màá ní kó ṣe é.

Àmọ́ ojú ọgbẹ́ nìkan ni gbogbo ilé ń wò. Ṣé ó ń ṣọyún? Ṣé ó ń gbẹ? Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga tó rẹlẹ̀, n kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọ́ra, kí egungun tuntun má baà yẹ̀. Mo pa gbogbo ìyẹn mọ́. Wọ́n tún fún mi ní abẹ́rẹ́ tí màá máa gún sábẹ́ awọ ikùn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 35. Mo gún un dé ọjọ́ 12. Ikùn mi ti dúdú káàkiri, wọ́n ti yọ okùn ọgbẹ́, mo sì ń rìn nínú ilé. Èrò mi ni pé abẹ́rẹ́ ìrora ni. Ara ò ro mí mọ́, mo bá pa á tì.

Abẹ́rẹ́ ìrora kọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ni. Tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí, wọ́n á yí ẹsẹ̀ síbí sọ́hùn-ún, wọ́n á fa iṣan ẹ̀jẹ̀ inú itan. Ara fúnra rẹ̀ á máa sáré mú kí ẹ̀jẹ̀ dì kí ọgbẹ́ lè san. Aláìsàn náà tún wà lórí ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ ń rọra lọ. Gbogbo èyí ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan níbi tí kò yẹ kó dì sí, ewu náà kì í sì í tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kéèyàn máa lọ sílé. Ó ń bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ pé 35.

Lọ́jọ́ 19, mo jí, ẹ̀yìn ojúgun òsì ń dùn mí bíi pajápajá tí kò fẹ́ lọ. Ó gbóná. Mo fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, ó jìn, kò sì tètè padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti gbé òróró wá láti fi ra á. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí máa ń wú díẹ̀, tèmi náà sì ti wú tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ìyẹn máa ń fà tí mo bá gbé ẹsẹ̀ sókè sùn mọ́jú. Èyí ò fà. Ọmọ mi mú téèpù, ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì níbì kan náà: ọ̀tún 36 sẹ̀ǹtímítà, òsì 40. Ó pe ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ má fọwọ́ ra á o, mà. Ẹ máa bọ̀ báyìí.”

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún náà ni wọ́n fi wo ẹsẹ̀ mi. Iṣan tó dáa, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á pẹlẹbẹ. Tèmi le gan-gan láti orúnkún dé àárín itan: ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró fún oṣù mẹ́ta. Oògùn náà kì í yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Ńṣe ló ń dá a dúró kó má baà pọ̀ sí i, títí ara yóò fi yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mo ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Wọ́n kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi oògùn ara ríro bí ibuprofen kún un láìbéèrè.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: tí èémí bá ṣàdédé ń há, tí àyà ń dunni téèyàn bá mí sínú, tí ikọ́ bá mú ẹ̀jẹ̀ wá, tàbí tí èèyàn dákú, ẹ má dúró di àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè ti já kúrò nínú ẹsẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń pani.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Ìbàdí ò dùn mí rárá. Ẹsẹ̀ yẹn ni kò padà sípò. Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké inú iṣan, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn padà sísàlẹ̀, ti bàjẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ á wúwo, awọ ọrùn ẹsẹ̀ sì ti dúdú. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ ni mo ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ó dùn mí gan-an, torí abẹ́rẹ́ tó kù ṣì wà nínú páálí nígbà yẹn.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ṣe ìbàdí àbúrò mi ọkùnrin. Mo kọ 1 dé 35 sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sì fi téèpù sábẹ́ ìrọ̀rí. Àná ló pè mí pé òun ti fagi lé 31.