Aṣọ ìbora aláràbarà fún àwọn tó wà lórí ibùsùn àìsàn

Ẹ má fi aró ṣeré o. Kàmpálà tí ẹ bá rà ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró á ràn mọ́ aṣọ mìíràn, ìda tó ṣẹ́kù lára àdìrẹ alábẹ́là (èyí tí wọ́n fi ìda ṣe ọnà sí) á sì jẹ́ kí máṣíìnì máa fo ojú rírán.

Ègé aṣọ 80 ló ń lọ sí aṣọ ìbora kan. Ẹ gé e ní ínṣì 7 sí 7, ẹ fi ààbọ̀ ínṣì rán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. 8 ní ìbú, 10 ní gígùn: ínṣì 48 sí 60 nìyẹn. Bí ègé kan bá kéré, gbogbo ìlà náà ló máa wọ́. Ẹ fi àwọ̀ ìyeyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ aró dúdú. Ó máa ń dá ojú aláìsàn dúró.

Bẹ́díṣíìtì òwú àtijọ́ ló dáa jù láàárín aṣọ òkè àti ti ẹ̀yìn, torí ó tètè ń gbẹ. Ẹ rán an já sí ẹ̀yìn ní ègé méjì-méjì kó má baà ká jọ.

Kò gbọdọ̀ sí bọ́tìnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ ka píìnì yín ṣáájú, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn. Bó bá dín ẹyọ kan, ẹ má tíì gbé e fún nọ́ọ̀sì.