Òógùn ni, kì í ṣe òjò

Kàbbà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, Oṣù Kẹsàn-án.

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Mo lọ sí ọjà, mo fọ aṣọ tí kò gbẹ, mo sì sun iṣu jẹ. Ìyókù ọjọ́ náà, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Ìyá mi sọ ni mo lò ó sí.

Èmi kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ fún. Aládùúgbò wa obìnrin kan ni ó yà sí ẹnu ọ̀nà, ó kí wọn pé, "Okun o, Màmá," ó sì béèrè bóyá òjò kò yọ wọ́n lẹ́nu. Mo wà nínú yàrá, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ìyá mi fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn, irú ohùn tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá, wọ́n ní, "Ilé yìí kò jò o. Ó kàn ń làágùn ni." Nígbà tí mo wọ yàrá wọn lẹ́yìn náà, mo rí abọ́ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, omi sì ti dé ìdajì nínú wọn. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé wọ́n tẹ́ àkísà sí ìsàlẹ̀ abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí omi tí ń kán má bàa dún dé ibi tí mo sùn sí.

Ó kàn ń làágùn ni. Gbólóhùn yẹn há mi lọ́fun.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé wọn kò parọ́ pátápátá, nítorí pé ilé páánù máa ń làágùn lóòótọ́. Ní òru tí ojú ọ̀run bá mọ́ lẹ́yìn òjò, páánù a tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àjà lọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ náà, àti èémí àwa tí a sùn sísàlẹ̀, àti ooru ìkòkò láti ilé ìdáná, a wá di omi sí abẹ́ páánù, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe máa ń yọ lára ife tí a bu omi tútù sí. Ṣùgbọ́n òógùn ní ìwà tirẹ̀. Káàkiri ni ó máa ń yọ, kì í yan ibì kan. Ó lè wá ní òwúrọ̀ tí òjò kò rọ̀ rárá, oòrùn a sì gbẹ ẹ́. Ìjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kan náà ni yóò máa padà sí, òjò ni yóò sì máa tẹ̀lé. Lókè ibùsùn Ìyá mi, òrùka kan wà lára àjà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ẹ̀kọ tí ó ti jóná, etí rẹ̀ dúdú ju àárín lọ, òrùka mìíràn wà nínú rẹ̀, òmíràn sì tún wà nínú ìyẹn, nítorí pé òjò kọ̀ọ̀kan tí ó wọlé tí ó sì gbẹ fi ààlà tirẹ̀ sílẹ̀. Mo ka márùn-ún. Òógùn kì í ya òrùka.

Ní ọ̀sán, nígbà tí Ìyá mi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin, mo gun àkàbà wọ inú àjà, mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo sì jókòó sínú òkùnkùn títí tí ojú mi fi mọ́ ọn lára. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí ó dára tó èyí láti fi wá ihò ara òrùlé, ó sì ṣeni láàánú pé iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tàn wá a. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, ihò fúnra rẹ̀ ni yóò fi ara rẹ̀ hàn, bí ìràwọ̀. Mọ́kànlá ni mo rí. Ojú ìṣó ni mẹ́jọ nínú wọn. Oòrùn máa ń na páánù díẹ̀, òjò a sì mú un súnkì, bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rí lójoojúmọ́ láti ọdún 1974 tí bàbá mi ti kan òrùlé yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni ìṣó ń yọ, rọ́bà tí ó wà lábẹ́ orí rẹ̀ a gan, a sì fọ́. Síbẹ̀, orí ibi tí ó yọ gọngọ lára páánù ni àwọn ìṣó bàbá mi wà, níbi tí ó yẹ kí wọ́n wà. Ẹni tí ó wá tún un ṣe lẹ́yìn ikú wọn ni ó kan ìṣó tirẹ̀ sínú kòtò páánù gan-an, ní ojú ọ̀nà omi, tí ó sì fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ọ̀dà náà ti là bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Inú mi kò dùn sí ọkùnrin yẹn rárá, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi owó iṣẹ́ náà ránṣẹ́, èmi ni n kò sì wá wò ó.

Ihò mẹ́ta yòókù kì í ṣe ti ìṣó. Ibi tí òrùlé ilé ìdáná ti pàdé ti ilé ńlá ni wọ́n wà, níbi tí ewé máńgòrò ti kó jọ tí ó sì ń gba omi dúró bí àkísà tútù. Awọ sìńkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo irin páánù àtijọ́, sìńkì yìí ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà kí irin má bàa jẹrà. Bí ènìyàn bá rí ohun funfun bí ẹfun lára rẹ̀, sìńkì ṣì ń jìyà rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá ti di pupa, sìńkì ti tán. Ibẹ̀ yẹn ti pupa. Mo fi ìka tì í, ìka mi sì yọ sí òde.

Ṣùgbọ́n ilé ìdáná jìnnà sí ibùsùn Ìyá mi. Ohun tí kàfíńtà sọ ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, tí n kò kà sí: "Ibi tí omi ń kán sí kọ́ ni ibi tí ó gbà wọlé." Mo tan tọ́ọ̀ṣì padà, mo tẹ̀lé ipa omi lára igi, ó sì rìn tó ìwọ̀n apá mẹ́ta kí ó tó rí ibi tí yóò já sí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ òógùn yìí gbà wọlé. Etí aládùúgbò ni ó kán sí ní òwúrọ̀ yìí. Bóyá orí tẹlifóònù ni, ní ọjọ́ tí mo ráhùn nípa owó ilé ìwé àwọn ọmọ, tí Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n sì ní kí n má ṣèyọnu, pé kò sí ohun tí ilé nílò. Bóyá kì í ṣe ọjọ́ yẹn náà. Nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n máa ń sọ pé àwọn kò fẹ́ràn ẹran…

Igi kò burú tó bí mo ti bẹ̀rù. Mo fi ọ̀bẹ gún wọn níkọ̀ọ̀kan, mo sì fi èékù rẹ̀ lù wọ́n. Ìrókò bàbá mi ń dún gan-gan, àyàfi ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí ikán ti fi erùpẹ̀ ya ọ̀nà tóóró lọ sí, tí ọ̀bẹ sì wọ̀ bí ẹni gún ẹ̀kọ. Mo tún dúró sí ojú títì láti wo ṣóńṣó òrùlé bóyá ó ti tẹ̀ ní àárín. Kò tẹ̀. Ìyá mi ti ìpàdé dé, wọ́n béèrè ohun tí mò ń wò. Mo ní ẹyẹ ni.

Àjà ilé ìdáná nìkan ni n kò fọwọ́ kàn. Asbestos ni, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ilé ìgbà náà, kàfíńtà sì ti fẹ́ fi òòlù dá ihò sí i kí ó lè yọjú wòkè. Mo kọ̀ fún un, ó sì rò pé mo ń ṣe àṣejù. Bí ó bá wà ní odindi, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Bí a bá fọ́ ọ tàbí tí a rẹ́ ẹ, eruku tí ojú kò lè rí a wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè gba 20 ọdún tàbí 40 kí ó tó fara hàn. Ọjọ́ tí a bá máa yọ ọ́, a óò kọ́kọ́ fi omi rin ín, a óò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní odindi, a kò sì ní sun ún.

Òjò ṣì ń bọ̀ títí di Oṣù Kẹwàá, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò ṣí òrùlé báyìí. Mo kó ewé máńgòrò kúrò, mo sì ta tapólì bo oríkèé náà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún Ìyá mi pé atẹ́gùn fẹ́ dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n sì jẹ́ kí n sún ibùsùn náà lọ síbẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Wọ́n kàn wo òkè, wọ́n wo èmi náà, wọ́n sì ní kí n rọra.

Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìyá mi ti sùn. Mo yọ àkísà kúrò nínú abọ́ àárín kí n lè mọ̀ bóyá tapólì ń ṣiṣẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, omi kan sì kán, ó dún. Mo dá àkísà náà padà síbi tí ó wà.