Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Gbèsè

Àgùntàn ni Gbèsè. Obìnrin kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́, ló jẹ mí lówó, tó ń sọ pé "ó di ọ̀la, Màmá Tíṣà" títí ọ̀la fi sú mi. Lọ́jọ́ kan ló fa abo àgùntàn kékeré kan wọ àgbàlá mi, ó ní kí n jọ̀wọ́ mú un dípò owó. Mo gbà á, torí ẹni tí wọ́n jẹ lówó tó bá kọ àgùntàn, ó lè má rí ìrù rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bi mí lórúkọ rẹ̀, mo ní Gbèsè ni. Láti ìgbà náà, bó bá ti já okùn báyìí, wọ́n á máa pariwo láti òpópónà pé, "Màmá, Gbèsè yín ti dé ojúde Àáfà o!" Àlejò tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á fi ojú àánú wò mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí àwọn ọmọ yín ti kó lọ, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn. Nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kò sí àjálù kankan tó bá mi, ohun tó jẹ́ kó ṣòro láti ṣàlàyé nìyẹn. Mò ń jẹun, àwọn ọmọ ń pè mí lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìrun mi ti di ti ẹnu lásán. Màá forí kanlẹ̀, ọkàn mi á wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò owó ìfẹ̀yìntì. Àsùbáà a máa kọjá mọ́ mi lórí ibùsùn, kì í sì í dùn mí. Àìdùn yẹn ló wá ń bà mí lẹ́rù. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ọmọ Àáfà ni mí, ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́. Àwọn baba ńlá wa tẹ̀lé Ọba Kòsọ́kọ́ wá síbí lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1851, a sì ń ṣe ọdún Káyókáyọ̀ láti fi rántí rẹ̀. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, èèyàn kì í dìde ní àsàlátù kó ní òun ò gbúròó Ọlọ́hun mọ́.

Gbèsè ò mọ̀ pé mo ti fẹ̀yìn tì. Kí ládàánì tó pe ìrun ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ igbe. Ẹran agbo ni àgùntàn, bó bá ku òun nìkan, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Torí kò rí àgùntàn mìíràn, ó sọ èmi di agbo rẹ̀. Bí mo bá lọ sídìí kànga, ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Bí mo bá wọ balùwẹ̀, á máa fi orí gbá ilẹ̀kùn. Oorun òwúrọ̀ bá tán. Màá dìde, màá po èèrí, màá bu omi sí abọ́ rẹ̀. Omi ti wà lọ́wọ́ mi, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́, mo bá ń fi èyí tó kù ṣe àlùwàlá. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò lálàá, n kò gbọ́ ohùn kankan. Ọ̀pọ̀ wa ló ń dúró kí ọkàn kọ́kọ́ gbóná ká tó lọ bá Ọlọ́hun. Tèmi, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó pẹ́ kí ọkàn tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá wà nírú ipò tí mo wà, ẹ wá nǹkan tí ebi máa pa bí ẹ ò bá jí.

Ọ̀sán ló wá dùn jù. Bó bá ti jẹ ewé ìyeyè tán, á dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, á máa jẹ àpọ̀jẹ, ojú rẹ̀ á dì díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa lọ bí ẹnu àgbà Àáfà tó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo máa ń gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ka Àlùkùráánì tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá. Ibẹ̀ ni mo ti bá ẹsẹ karùn-ún àti ìkẹfà Sùrátù Nahli pàdé. Ẹsẹ karùn-ún ka àǹfààní ẹran ọ̀sìn: ohun tó ń mú ara móoru, àti pé à ń jẹ nínú wọn. Ẹsẹ kẹfà wá ní ẹwà wà fún wa lára wọn nígbà tí a bá ń dà wọ́n bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́ àti nígbà tí a bá ń dà wọ́n lọ jẹko láàárọ̀. Láti ilé-kéwú ni mo ti ń ké súrà yẹn, ẹwà yẹn ò hàn sí mi rí. Pé Ọlọ́hun lè ka wíwò lásán mọ́ oore tó ṣe fún wa! Mo gbé ìwé sílẹ̀, mo wo Gbèsè, ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí mo sọ fún Àáfà wa, ó rán mi létí pé Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé kò sí ànọ́bì kan tí kò da ẹran rí, pé òun náà da ẹran fáwọn ará Mẹ́kà gba owó.

Ọmọ mi ọkùnrin tún fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ní 2001, Keith Kendrick àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwòrán dán àgùntàn wò, wọ́n rí i pé ó lè dá ojú 50 àgùntàn mìíràn mọ̀, kó sì rántí wọn fún ohun tó lé lọ́dún 2. Ẹ wá wo iye ọmọ tí àwa tíṣà ti pè ní àgùntàn ní kíláàsì!

Oyún àgùntàn máa ń tó nǹkan bí oṣù 5. Òru ni Gbèsè bímọ, ìbejì ni. Ìkejì jáde, kò mí. Mo fi aṣọ nu ikun kúrò nímú rẹ̀, mo ń fi koríko gbígbẹ ra á lára, mo wá ń gbọ́ ẹnu ara mi tó ń ké "Yà Ọlọ́hun, Yà Ọlọ́hun", tọkàntọkàn, kò sí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀. Ó sín. Mo jó lóru yẹn, èmi tí n kò jó níbi ìgbéyàwó ọmọ mi torí orúnkún.

Ni ẹlẹ́ja bá dé pẹ̀lú owó rẹ̀ pé pérépéré, ó ní òun wá gba àgùntàn òun, tọmọtọmọ. A fa ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Àáfà. Àáfà ní gbèsè ti tán lọ́jọ́ tí àwa méjèèjì ti fohùn ṣọ̀kan. Mo bá fi ṣeré pé kí ó san ìdajì kó mú ọmọ kan, èyí tó kù ni èlé owó mi. Àáfà yarí: "Màmá Tíṣà, kò sí èlé nínú ẹ̀sìn wa!" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sanwó, ó gbé ọmọ àgùntàn sọ́wọ́, ìgbà yẹn sì ni àwa méjèèjì di ọ̀rẹ́ gan-an. Kì í jẹ́ kí n ra ẹja mọ́.

Owó yẹn ni mo fi kún owó àgbò Iléyá. Àwọn ọmọ mi ti ní, "Mọ́mì, kí la tún fẹ́ ra àgbò fún? Gbèsè ti sanra." Lóòótọ́, ẹ̀sìn gba abo láyè. Mo ní Gbèsè ò lọ síbì kankan. Àwọn kan ní mo ti sọ ẹran di èèyàn. Àwọn mìíràn ní, bí mo bá fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí n yáa má jẹran mọ́. N kò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ. Mo kàn ní kí wọ́n pọ́n ọ̀bẹ níbi tí àgbò ò ti ní rí i, bí Ànọ́bì ṣe kọ́ wa. A pín ẹran náà sọ́nà 3, mo sì jẹ nínú rẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí Iléyá kọjá, owó ẹran á ti wálẹ̀. Ẹ ra méjì kí wọ́n lè jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Èyí tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tó tún ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má mú un wálé bó ti wù kó pọ́kú tó. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní kata ń pa ẹran nípakúpa, kí ẹ sì pe dókítà ẹran kó fún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára kí àìsàn tó dé. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù ní oró, ẹ sá a gbẹ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Àwa tí à ń gbé létí ọ̀sà, ẹ gbé ilẹ̀ ilé wọn ga, ẹrẹ̀ máa ń ba pátákò wọn jẹ́. Kí ilé náà sì sún mọ́ fèrèsé yàrá yín, kí ẹ lè gbọ́ igbe wọn láfẹ̀mọ́júmọ́. Aládùúgbò á ráhùn. Ẹ máa fún un ní ẹran Iléyá.